Ta Ló Ń Bomi Rin Iṣu?

Ní Manigri, bí ẹ bá rí ẹni tó ń pọnmi lọ sóko iṣu nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ fura. Iṣu tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn kì í bèèrè omi. Koríko gbígbẹ tí a fi dé ebè lórí ti tó fún un.

Ohun tó ń kọ Djamilatou lóminú nìyẹn. Ọkọ rẹ̀, Soulé, ló yá Kassimou ní ilẹ̀ tó wà lẹ́yìn oko kajú wọn, kó fi gbin iṣu lọ́dún kan. Olówó ni Kassimou, ìgboro ló ti ń wá. Ó fún wọn ní àpò ìrẹsì méjì, láti ọjọ́ náà ni Soulé kò ti fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní burúkú.

"Baba Húsnà, àwọn alágbàṣe rẹ̀ tún pọnmi kọjá láàárọ̀ yìí," Djamilatou sọ fún ọkọ rẹ̀.

"Ṣé omi wọn ló ń dùn ọ́? Kò mọ iṣẹ́ oko. Jẹ́ kó máa ṣòfò."

"Olówó kì í ṣòfò lásán."

Ó gba oko lọ. Ó ṣí koríko orí ebè kan. Iṣu wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀gbìn kajú kékeré kan dúró tì í. Ó ṣí èkejì, ó ṣí ẹ̀kẹta. Kajú náà ni. Òun ni wọ́n ń bomi rin! Ó fa ọ̀kan tu lọ sílé.

Ta ni kò mọ̀ ọ́n nílẹ̀ wa? Ẹni tí a yá nílẹ̀ kì í gbin igi. Ẹni tó bá gbin igi, lọ́la ni yóò sọ pé òun ló nilẹ̀.

Nígbà tí Soulé rí ọ̀gbìn náà lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀, ó fa ìwé kan yọ lábẹ́ ẹní. "Kassimou ní kí n tẹ̀ka sí i tó bá di ọjọ́ Jímọ̀. Ó ní ìwé ọ̀rẹ́ ni."

Wọ́n gbé ìwé náà lọ bá Hafsatou, akọ̀wé ìgbìmọ̀ ilẹ̀ abúlé. Èdè Faransé ni wọ́n fi kọ ọ́; ó kà á lẹ́ẹ̀mejì.

"Bàbá, ṣé ẹ ti tẹ̀ka?"

"Rárá o!"

"Ẹ dúpẹ́. Wọ́n kọ ọ́ síbí pé ẹ ti tà á. Bí kajú bá wá dàgbà níbẹ̀, ta ni yóò gbà pé ẹ yá a ni?"

"Kí ni ká ṣe?"

"Ẹ má dá nìkan fa ìyókù tu. Ẹ pe àwọn àgbà àti àwọn tí ẹ jọ pààlà, kí wọ́n fojú ara wọn rí i."

Ní Jímọ̀, Kassimou wakọ̀ dé, ó bá àwọn àgbà lóko, gbogbo ebè ṣí sílẹ̀.

"Kí ló dé, Baba Húsnà?"

"A wá wo iṣu tó ń mumi ni," Soulé dáhùn.

Kassimou kò sọ̀ kalẹ̀ mọ́ nínú ọkọ̀; ó yí i padà láti lọ. Djamilatou gbé ọ̀kan nínú àpò ìrẹsì rẹ̀ padà sẹ́yìn ọkọ̀ náà fún un. Èkejì, wọ́n ti jẹ ẹ́ tán, ìyẹn sì ń ti Soulé lójú títí dòní.

Ẹ̀yin ará Manigri, Pénéssoulou àti Doguè, yíyá èèyàn nílẹ̀ kò burú. Àmọ́ ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ níwájú ẹlẹ́rìí: ààlà rẹ̀, ọdún tí yóò lò, àti pé kò gbọdọ̀ gbin igi. Ẹ má tẹ̀ka sí ìwé tí ẹni tí ẹ fọkàn tán kò kà fún yín. Olówó tó pàdánù ilẹ̀ yóò ra òmíràn. Tálákà tó bá pàdánù tirẹ̀, orí ilẹ̀ bàbá rẹ̀ ni yóò ti máa ṣe alágbàṣe.