Obìnrin Tí A Yà Sójú Ọ̀nà

Iyẹ̀pẹ̀ pupa wà lẹ́sẹ̀ obìnrin tí a yà. Tàdáwà dúdú nìkan la sì lò. Mo fi ìka nu ọ̀kan nínú àwọn ìwé tí a yà á sí, iyẹ̀pẹ̀ gidi lẹ̀ mọ́ mi níka.

"Sọjí, ìwọ lo da eléyìí síbí?"

Olúsọjí wo ìwé náà, ó wò mí. "Èmi? Kí ni mo fẹ́ fi iyẹ̀pẹ̀ ṣe?"

Ọdún 1976 ni. Èmi àti Olúsọjí jọ ń kọ́ iṣẹ́ ọnà nílé ìwé gíga, a sì gbọ́dọ̀ ṣe fíìmù kékeré kan kí a tó lè gboyè. Kò ní òṣèré. Àwòrán ọwọ́ wa ni yóò máa rìn nínú rẹ̀. Yàrá tí mo gbà ní Ìsọlọ̀ la ti ń ṣe é. Bí a bá ya ẹsẹ̀ kan, a ó tẹ́ ìwé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mìíràn lé e, a ó tún un yà kó sún díẹ̀ síwájú. Ọgọ́rùn-ún ìwé, ìrìn díẹ̀.

Sọjí ló mú àwòrán obìnrin náà wá. Ó rí i ní Bọ́ládé, bí obìnrin náà ṣe ń bọ̀ láti ilé iṣẹ́ aṣọ, fúláàsì oúnjẹ lọ́wọ́, ó sì yà á láìjẹ́ kó mọ̀. Ìtàn tí a gbé kalẹ̀ kò le. Owó epo ń wọlé nígbà yẹn, wọ́n ń la ọ̀nà tuntun, katakata ń wó ilé kiri Òṣòdì. Obìnrin wa yóò ṣíwọ́, yóò máa lọ sílé, ṣùgbọ́n bó ṣe ń rìn ni ọ̀nà ń gùn sí i. Kò ní délé. Ibẹ̀ ni fíìmù yóò parí sí. Olùkọ́ wa, Ọ̀gbẹ́ni Albert, wo ètò náà, ó ní, "Ìparí yìí dára. Ẹ má yí i padà."

Lọ́jọ́ kejì tí mo rí iyẹ̀pẹ̀, lọ́sàn-án gangan, ẹnì kan kan ilẹ̀kùn. Mo ṣí i. Obìnrin kan dúró, fúláàsì lọ́wọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ pupa dé orúnkún. Mo mọ ojú yẹn. Mo ti yà á tó igba ìgbà.

"Sìstá, ẹ má bínú," ó rọra sọ ọ́, bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ. "Ìyá Lucy ni wọ́n ń pè mí. Ọjọ́ kọkànlá rèé tí mo ti ṣíwọ́. Mò ń lọ sílé, mi ò débẹ̀."

"Níbo nilé yín?"

"Ìsọlọ̀ níbí náà ni. Mò ń rí òrùlé rẹ̀. Bí mo bá gbé ẹsẹ̀, á pẹ́ lókè kó tó balẹ̀." Ó wo àwọn ìwé orí tábìlì mi, kíá ló gbójú kúrò, bí ẹni tó rí ìhòòhò ara rẹ̀. "Ẹ bá mi ya ilẹ̀kùn ilé mi."

Mo yíjú mú gègé. Nígbà tí mo padà wẹ̀yìn, kò sí ẹnì kankan lẹ́nu ọ̀nà mọ́. Ṣé mo ti sùn ni?

Mi ò sọ fún Sọjí. Ẹ̀rù ń bà mí pé yóò ní orí mi ti dàrú, bẹ́ẹ̀ èmi gan-an ò lè búra pé kò dàrú. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi yà á níkọ̀kọ̀: ó yà kúrò lójú ọ̀nà, ó ṣí ilẹ̀kùn, ó gbé fúláàsì kalẹ̀, ó jókòó. Nígbà tí mo fi àtàǹpàkò ṣí ìdì ìwé náà kíákíá, ó rìn, ó wọlé. Mo sunkún.

Lọ́jọ́ Ẹtì, èmi àti Sọjí jókòó sídìí iṣẹ́, ni ọkùnrin kan bá wọlé. Ó ní Fọlọ́runṣọ́ lorúkọ òun, òun ni bàbá Lucy.

"Ìyàwó mi ní kí n wá dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Ó dé lánàá." Kò rẹ́rìn-ín. "Ó gba iwájú wọlé, ó gbé fúláàsì kalẹ̀, ó jókòó. Ibi tí a ti ń yọ̀ ni mo ti gbọ́ ìró ẹsẹ̀ lẹ́yìnkùlé. Òun náà ló tún wọlé. Òun náà."

Ọ̀rọ̀ náà ò yé mi. Mo wo Sọjí. Ó ti fọwọ́ bojú.

"Ó wá sọ́dọ̀ mi náà," ó sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Mo rò pé mò ń ya wèrè ni. Mo yà á kó gba ẹ̀yìnkùlé délé, mi ò fẹ́ kí o mọ̀."

A tẹ̀lé ọkùnrin náà délé rẹ̀. Obìnrin méjì jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan, wọ́n ń dirun fún Lucy, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. "Sìstá, ẹ káàbọ̀," wọ́n sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

Fọlọ́runṣọ́ fà wá sí kọ̀rọ̀. "Ẹ̀yin lẹ yà á. Ẹ pa ọ̀kan rẹ́."

"Èwo, sà?"

Ó wò wọ́n títí. "Ẹ jẹ́ kí n rò ó ná."

Kò rò ó tán. Ó sọ fún àwọn aládùúgbò pé arábìnrin ìyàwó òun ló wá láti Oǹdó, pé ìbejì ni wọ́n. Sọjí lọ sókè òkun, ó fi ìdì tirẹ̀ sílẹ̀ fún mi. Mo tọ́jú méjèèjì sínú àpótí bí ẹní tọ́jú ẹyin, nítorí mi ò mọ èyí tó jẹ́ èèyàn, èyí tó jẹ́ ìwé.

Lọ́dún kejì, òjò jò sínú àpótí náà, ó kan igun ìdì méjèèjì. Mo sáré lọ sílé Lucy, mo ní bí mo bá rí ẹni tí nǹkan kan ò ṣe, a ti mọ ìyá rẹ̀ nìyẹn. Àwọn méjèèjì ló fi aṣọ di ọwọ́ òsì. Mo tú ti ọ̀kan, mo tú ti èkejì. Ìka wọn ti ṣàn papọ̀, dúdú, bí tàdáwà tí omi kàn.

Lucy wo ojú mi. "Àǹtí, níbo wá ni màmá mi wà?"