Kẹ́mísìrì Tí Mo Purọ́ Pé Mo Mọ̀

Ọjọ́ àkọ́kọ́ ní kíláàsì ìmúrasílẹ̀ fún kọ́lẹ́ẹ̀jì ni mo rí i. Ọkùnrin kan tó jẹ́ jórinjórin ni, ẹ̀wù iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn ẹ̀. Olùkọ́ kọ ìdọ́gba kẹ́míkà kan sójú pátákó, ó ní ká mú apá méjèèjì dọ́gba. Gbogbo wa ń mirí bí ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Òun nìkan ló nawọ́. "Ẹ má bínú, sà. Mi ò tiẹ̀ mọ ibi tí wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà ò mọ̀ ọ́n. Ọdún méjì gbáko la fi wà láìní olùkọ́ kẹ́mísìrì níléèwé wa.

Nígbà tá a jáde, ó ní, "Àǹtí, ẹ jọ ẹni tó mọ̀wé. Ẹ bá mi kọ́ ọ."

Ojú tì mí láti sọ òótọ́. "Kò sí wàhálà," ni mo wí.

Bó ṣe di ẹni tó ń wá sí pálọ̀ wa lọ́sàn-án Sátidé nìyẹn. Mo há ìwé sórí, mò ń kà á fún un bí ayékòótọ́. Ó gbà mí gbọ́. Bí mo ṣe ń fẹ́ràn ẹ̀ sí i ni ẹ̀rù ń bà mí sí i.

Nígbà tí ìyá mi rí i pé a ti ń fẹ́ra, ó fajú ro. "Jórinjórin kẹ̀? Ìwọ tó ò tíì wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì!"

Ó ku ọjọ́ mẹ́rin sí ìdánwò, ó sáré wọlé. "Olólùfẹ́ mi, mo ti ṣe ìdọ́gba méjìlá bó o ṣe kọ́ mi!"

Mo wò ó. Ó ti yí nọ́ńbà kékeré tó wà nídìí lẹ́tà padà, irú 2 tó wà nínú H₂O, ìyẹn omi. Àárọ̀ ọjọ́ náà gan-an ni olùkọ́ sọ fún mi pé ẹni tó bá fọwọ́ kan nọ́ńbà yẹn ti sọ omi di nǹkan mìíràn.

Mo gbé báírò sílẹ̀. "Èmi ni mo ṣì ẹ́ lọ́nà. Mi ò mọ̀ ọ́n rí. Irọ́ ni mò ń pa."

Ó kó ìwé ẹ̀, ó jáde. Ìyá mi ti gbọ́ gbogbo ẹ̀ láti yàrá.

Lọ́jọ́ kejì mo lọ bá a ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀. Ó ṣí ìbòjú iṣẹ́ ẹ̀ sókè. "Ṣé ẹ̀sín lò ń fi mí ṣe ni?"

"Rárá o! Mo rò pé tó o bá mọ̀ pé mi ò mọ nǹkan kan, o ò ní padà wá mọ́."

Ó gbé irin ọwọ́ ẹ̀ sílẹ̀. "Fa àpótí yẹn wá. Látorí omi ni ká ti bẹ̀rẹ̀."

Ọjọ́ mẹ́ta la fi jọ kọ́ ọ látìbẹ̀rẹ̀. Èsì jáde: mo yege, àmọ́ máàkì méjì péré ni mo fi kọjá iye tí wọ́n fẹ́. Òun fìdí rẹmi. Mo sunkún jù ú lọ. Mo ní ó parí nìyẹn, ìyá mi ò ní gbà mọ́ láé.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn ló wá dúró níwájú ìyá mi. "Mà, mo féèlì. Mo máa tún un ṣe lọ́dún tó ń bọ̀. Ọmọ yín ni mo sì fẹ́ fẹ́."

Ìyá mi wò ó lọ wò ó bọ̀.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ni ìyá mi wí. "Ìwọ ò mọ irọ́ pa bíi ti ọmọ mi. Ẹ fẹ́ra yín."

Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni mo jókòó sí.