Elégédé Tí Wọ́n Ní Àwọn Kò Mọ Bàbá Rẹ̀

Yẹ̀yẹ́ ni Lorne fi mí ṣe lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i. Létí adágún ìlú wa ni, lóṣù kẹwàá. Mo ti fi ọ̀bẹ lé elégédé kan tó ga dé àyà mi, mo fẹ́ gbẹ́ ẹ ṣe ọkọ̀ fún ìdíje ọdọọdún tí a ti máa ń fi elégédé tukọ̀, ni mo gbọ́ ohùn lẹ́yìn mi:

“Arábìnrin, ṣé o fẹ́ tukọ̀ ni àbí o fẹ́ wẹ̀?”

Mo yíjú. Apẹja gíga kan ni, bàtà rọ́bà rẹ̀ dé orúnkún.

“Kí ló kàn ọ́ níbẹ̀?”

“Kò kàn mí o. Àmọ́ o ò tíì gbé e sómi, o ti fẹ́ gé e. Ta ló sọ fún ọ pé òkè yẹn ni òkè rẹ̀?”

Inú bí mi, torí òótọ́ ló sọ. Odindi la máa ń yí elégédé sómi kí ọ̀bẹ tó kàn án. Á yí síhìn-ín, á yí sọ́hùn-ún, á wá fi ẹ̀gbẹ́ tó wúwo jù dùbúlẹ̀. Ibẹ̀ nìdí ọkọ̀, òdìkejì rẹ̀ la ó gé. Ẹni tó bá fi ìkánjú gé e, á dojú dé láàárín adágún, gbogbo ìlú á sì fi í rẹ́rìn-ín di ọdún tó ń bọ̀.

Àwa méjèèjì la jọ tì í sómi. Ẹ ò ní gbà gbọ́: ibi tí mo fẹ́ gé gan-an ló fi dùbúlẹ̀!

“Ẹ ṣeun,” ni mo wí, ojú ń tì mí.

“‘Ẹ ṣeun’ kẹ̀? Lorne Comeau ni mò ń jẹ́. Gbà, mú ṣíbí, ká jọ gbẹ́ ẹ. Dá ìdí rẹ̀ sí, kó nípọn.”

Ọjọ́ yẹn ni ìfẹ́ rẹ̀ wọ̀ mí lọ́kàn.

Dádì mi, Wendell Redden, kò fẹ́ gbọ́ orúkọ rẹ̀ sétí. Òkun ló gbé ẹ̀gbọ́n mi Clyde lọ, a ò sì rí òkú rẹ̀ sin.

“Ẹnikẹ́ni tó bá wù ọ́ ni kóo fẹ́, Thelma, àfi apẹja.”

Lorne wá bẹ̀ ẹ́. Dádì ní, “Fi òkun sílẹ̀, kóo wá mú un lọ.”

“Sà, mi ò mọ iṣẹ́ mìíràn.”

“Ó dáa, ó dàbọ̀.”

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, nítorí tèmi, Lorne gbin elégédé sẹ́yìn ilé rẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mo já òdòdó akọ kan níbẹ̀, mo fi eruku rẹ̀ ra òdòdó abo kan nínú oko Dádì kó lè so, mo sì so ẹnu rẹ̀ kí oyin má baà gbé eruku òdòdó mìíràn wọ̀ ọ́. Mi ò sọ fẹ́nì kankan. Àṣé elégédé tó so níbẹ̀ ló máa tóbi ju gbogbo yòókù lọ! Àmọ́ ó là lókè, wọn kì í sì í gbé èyí tó bá là sórí ìwọ̀n níbi ìdíje elégédé tó wúwo jù. Dádì bínú títí, ó ní ká fi ṣe ọkọ̀. Mo pe Lorne wá gbẹ́ ẹ, Dádì ò sì lé e.

Lorne wà nínú rẹ̀ títí dé ìbàdí, ó ń ha á. Èmi ń ṣa irúgbìn. Dádì mú àpò ìwé irúgbìn jáde. Lára rẹ̀ la máa ń kọ orúkọ ìdílé ẹni tó ni ìyá elégédé sí, ká tó kọ ti ẹni tó ni bàbá.

“Thelma, ta ni bàbá elégédé yìí?”

Mo ń ṣa irúgbìn lọ.

“Ìwọ ni mò ń bi!”

“Comeau ni, Dádì.”

Ojú tó fi wò mí, àfi bíi pé mo ní mo ti lóyún. Ó kọ Redden. Níbi tó yẹ kó kọ orúkọ bàbá sí, ó kọ ọ́ pé: A kò mọ̀ ọ́n.

“Ẹ mọ̀ mí, sà,” ni Lorne wí jẹ́jẹ́. “Èmi nìyí níwájú yín.”

Dádì wọlé lọ.

Ipò kẹta ni Lorne ṣe nínú ìdíje náà. Omi ń ro tótó lára rẹ̀ nígbà tó dì mọ́ mi. “Olólùfẹ́ mi, má sunkún mọ́. Tí iṣẹ́ alákàṣà ọdún yìí bá parí, màá tún wá bẹ Dádì.”

Ìparí oṣù kọkànlá ni wọ́n ṣí òkun fún àwọn tó ń pa alákàṣà, edé ńlá inú òkun; ṣáájú ìgbà náà, ó léèwọ̀. Ọjọ́ àkọ́kọ́ yẹn gan-an ni ọkọ̀ rẹ̀ ò padà wálé. Àwọn mẹ́ta ni wọ́n wà níbẹ̀. A wá wọn fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, a ò rí wọn.

Elégédé tó tù ń jẹrà lọ lẹ́yìn ilé wa. Mi ò jẹ́ kẹ́nikẹ́ni kó o dànù, Dádì náà ò sì bá mi wí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù kìíní, ó bá mi ní ilé ìdáná. Ó gbé àpò ìwé yẹn síwájú mi. Ó ti fa ìlà pa ohun tó kọ tẹ́lẹ̀ rẹ́. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Redden, ó ti kọ Comeau.

“Mo mọ̀ ọ́n,” ni Dádì wí, ó sì bú sẹ́kún. “Thelma, mo mọ̀ ọ́n.”

Lorne kò ní sàréè. Kò sì síbòmíràn tí wọ́n ti kọ orúkọ ìdílé àwa méjèèjì pọ̀, àfi orí àpò ìwé yẹn.