Èémí tí Lyuben Fà Símú Lábẹ́ Yìnyín

Ọ̀rẹ́ mi, n kò ní purọ́ fún ọ: ọ̀rọ̀ Lyuben ń rí mi lára. Ẹni tí a fi ṣe olórí àwọn olùṣọ́ òkè Pirin nílẹ̀ òyìnbó, tí ẹ̀mí gbogbo àwọn tó ń de pátákó síkì mọ́ ẹsẹ̀ yọ̀ lórí yìnyín wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọtí rakíyà ló fi ń ṣí ẹnu láràárọ̀. Èébì a máa gbẹ mọ́ ọn nírùngbọ̀n. Ẹ̀gbin gbáà!

Lọ́jọ́ kan, ẹ̀fúùfù líle fẹ́ mọ́jú. Irú ẹ̀fúùfù bẹ́ẹ̀ a máa gbá yìnyín jọ sí ẹ̀yìn òkè, a sì lé téńté sórí ti àtijọ́ láì lẹ̀ mọ́ ọn, débi pé ẹsẹ̀ ẹnìkan péré lè mú kó ya wálẹ̀. Olùṣọ́ gbọ́dọ̀ gbẹ́ ihò wò ó kó tó tú okùn tí wọ́n fi dí ọ̀nà mọ́ àwọn tó fẹ́ yọ̀.

Stamena, ọmọbìnrin onígbàgbọ́ tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, gbé ṣọ́bìrì.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká gbẹ́ ẹ wò ná. Ẹ sì fi ọtí yìí sílẹ̀, ẹ jọ̀ọ́. Jésù lè gbà yín."

"Gbẹ́ kí ni? Ṣé o fẹ́ sìnkú ni? Ìwàásù rẹ ti sú mi, jàre!"

Ó gbé ìgò sẹ́nu, ó tú okùn, ó sì kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ kí ojú lè ti ọmọbìnrin náà.

Kò tíì lọ jìnnà tí yìnyín fi dún gbàà. Ó ya, ó gbé e lọ, ó sì bò ó mọ́lẹ̀.

Lyuben kò lè gbé ìka. Ó bì, èébì náà kò ríbi lọ, ojú rẹ̀ ló kó jọ sí. Èémí tó bá mí síta, òun náà ló tún ń fà símú, tòun ti òórùn rakíyà. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ọ̀ràn ara rẹ̀ rí i lára. "Olúwa, mo dọ̀tí," ló wí nínú ọkàn rẹ̀. "Jésù, ṣàánú mi." Ó dákú.

Nígbà tó lajú, Stamena ti fi ṣọ́bìrì hú u jáde, ó sì ń fi ọwọ́ lásán họ èébì kúrò lẹ́nu rẹ̀, lórí òkè tó tún lè ya nígbàkigbà!

"Kí ló gbé ọ wá síbí?" Lyuben ń sunkún. "Ṣé o ò rí bí mo ṣe rí ni?"

"Mo rí i, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ń rùn. Jésù náà rí i, ó sì wá."

Lórí yìnyín yẹn ni Lyuben ti fi ayé rẹ̀ fún Jésù. Ó lọ jẹ́wọ́ níbi iṣẹ́, wọ́n gba ipò olórí lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì jiyàn. Kò fẹnu kan rakíyà mọ́.

Ìwọ ńkọ́, ìwọ tí a jọ ń yínmú sí Lyuben? Tìrẹ lè má rùn síta: àgbèrè ìkọ̀kọ̀, irọ́, ìlara. Ọlọ́run ń gbóòórùn rẹ̀, síbẹ̀ kò yínmú. Ọmọ rẹ̀ ló rán wá. Má ṣe sọ pé ó dọ̀la. Má ṣe sọ pé o fẹ́ kọ́kọ́ wẹ̀. Pè é níbi tí o jókòó sí yẹn, kó fọwọ́ kàn ọ́ lónìí, bí o ṣe ń rùn yẹn gan-an.