Ọtí Tí Ayọ̀dé Kò Gbé Mì

Nígbà àkọ́kọ́ tí Tàwàkálítù fojú kan Ayọ̀dé, ọtí ló kún ẹnu ọkùnrin náà. Ó dúró lẹ́yìn tábìlì gígùn kan nínú ṣọ́ọ̀bù àwọn Faransé tó wà nítòsí èbúté, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ó dijú bí ẹni tó ń gbàdúrà, ọtí inú ẹnu rẹ̀ sì ń lọ láti ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan bọ́ sí èkejì. Nígbà tó ṣe, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì tu gbogbo rẹ̀ sínú garawa.

Tàwà sọ páálí gíláàsì tó gbé wá láti ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀ ní àdúgbò Lalala kalẹ̀. "Ṣé kò dùn ni?" ló bi í.

Ayọ̀dé lajú. Ọdún 1975 ni, epo rọ̀bì ti sọ Libreville di ibi tí òyìnbó ń ya wọ̀ lójoojúmọ́, kò sì retí láti gbọ́ Yorùbá nínú ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀, pàápàá lẹ́nu arẹwà.

"Ó dùn gan-an," ó ní.

"Kí ló wá dé tí ẹ ń tu ú dànù?"

"Iṣẹ́ mi ni. Mùsùlùmí ni mí. Mo máa ń tọ́ ọ wò ni, mi ò kì í gbé e mì."

Tàwà wò ó láti òkè délẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin nìkan lẹ mọ irú Mùsùlùmí tí ẹ jẹ́."

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe bẹ̀rẹ̀ o. Ọmọ Nàgó, Yorùbá ilẹ̀ Faransé, láti ìlú Pobè ni Ayọ̀dé. Bàbá rẹ̀ tó jẹ́ Mùsùlùmí ti kú tipẹ́, àbúrò ìyá rẹ̀, Victorine, tó jẹ́ Kátólíìkì pọ́ńbélé, ló tọ́ ọ dàgbà, tó sì mú un wá sí Gabon. Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, àwọn ọ̀gá iléeṣẹ́ epo máa ń pé jọ sí ṣọ́ọ̀bù náà láti tọ́ wisikí Skọ́tlándì wò, èyí tí wọ́n fi ọkà báálì nìkan ṣe. Ilé ìpọntí kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀ ti ń wá. Ayọ̀dé ni yóò kọ́kọ́ tọ́ ọ wò, òun ni yóò sì ṣàlàyé ohun tó wà nínú ìgò kọ̀ọ̀kan fún wọn. Ó fẹ́ràn iṣẹ́ náà dọ́kàn.

Kò pẹ́ tí gíláàsì fi bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ léraléra ní ṣọ́ọ̀bù yẹn, tàbí kí n kúkú sọ pé Ayọ̀dé ló ń sọ fún ọ̀gá rẹ̀ pé ó ń fọ́. Tàwà náà kò jẹ́ kí ẹlòmíràn gbé òmíràn wá.

"Ẹ gbóòórùn rẹ̀ nìkan," ni Ayọ̀dé sọ lọ́jọ́ kan, ó na gíláàsì kan sí i. "Ẹ la ẹnu díẹ̀ kó má bàa ta yín nímú."

"Ẹja yíyan!"

"Èéfín ni. Ilẹ̀ irà ni wọ́n ń gé ní ìlú wọn, wọ́n á sá a gbẹ, wọ́n á wá fi dáná yan ọkà tí wọ́n fi ń pọn ọtí náà. Èyí ńkọ́? Ilé kan náà, omi kan náà. Ó kàn pẹ́ nínú àgbá jù ú lọ ni."

Tàwà dijú. "Oyin. Àti èèpo ọsàn." Ó yára sún gíláàsì náà sẹ́yìn. "Ah non, ẹ gbé e kúrò níwájú mi! Ẹ fẹ́ kọ́ mi ní ìkọ́kúkọ̀ọ́."

"Ohun tí mo fẹ́ kọ́ yín kọ́ nìyẹn," ni Ayọ̀dé wí. Ojú ti àwọn méjèèjì.

Nígbà tí òjò fi dáwọ́ dúró lọ́dún yẹn, "ẹ" ti di "o" láàárín wọn. Létí òkun ní Charbonnages ni Ayọ̀dé ti sọ ọ́ jáde pé òun fẹ́ fi Tàwà ṣaya. Inú Tàwà dùn débi pé ó gbàgbé bàtà rẹ̀ sórí iyanrìn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ti ń padà lọ wá bàtà ọ̀hún, ojú rẹ̀ yí padà.

"Wàràkàṣì àti epo ólífì ni Papa rò pé ò ń tà ní ṣọ́ọ̀bù yín. Lọ bá a, kó o sọ irú iṣẹ́ tó ò ń ṣe fún un fúnra rẹ. Tó bá gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn, ó tán nìyẹn. Tó o bá sì parọ́ fún un, èmi gan-an ò ní fẹ́ ọ."

"Màá sọ fún un, olólùfẹ́ mi."

Kò sọ fún un. Ó lọ kí Alájì Àlàó, bàbá Tàwà, ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Nígbàkúùgbà tó bá lọ, Alájì yóò fi í ṣe ẹ̀fẹ̀, yóò bu oúnjẹ fún un, yóò pè é ní ọmọ mi, Ayọ̀dé yóò sì jẹun tán, yóò dúpẹ́, yóò máa lọ. Ẹ̀rù ń bà á. Bẹ́ẹ̀ ni ọjọ́ ìdána ṣe dé tí kò tíì sọ ọ́.

Victorine ló di ẹrù ìdána. Lọ́dọ̀ tiwọn ní Pobè, ẹrù tí kò ní ọtí líle nínú kì í ṣe ẹrù ìdána, ìtìjú ni fún ẹni tó gbé e lọ. Ó mọ̀ pé Mùsùlùmí ni wọ́n, ṣùgbọ́n ó rò pé bí wọn kò bá mu ún, wọ́n á fi ta ẹlòmíràn lọ́rẹ. Ìgò wisikí kan wà lórí pẹpẹ nílé, èyí tí ọ̀gá Ayọ̀dé fi ta á lọ́rẹ lọ́dún tuntun. Victorine fi aṣọ funfun wé e, ó sì tì í bọ abẹ́ iyọ̀ àti ṣúgà. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Pálọ̀ Alájì kún fọ́fọ́ lọ́jọ́ náà. Àwọn àgbààgbà mọ́ṣáláṣí jókòó sí apá ọ̀tún, àwọn ará Pobè sí apá òsì. Obìnrin kan tó jẹ́ ẹbí Alájì ń tú ẹrù, ó ń dárúkọ wọn, àwọn ènìyàn ń ṣe àmín. Ó tú aṣọ funfun náà, ìgò wisikí ló yọ, ohùn rẹ̀ sì wọlẹ̀ lójijì.

Lẹ́yìn kọ́tìnì, Tàwà yọjú wò ó.

"Èmi ni!" Victorine fò dìde. "Ẹ dákun, ẹ foríjì mí. Èmi ni mo dì í. Ọmọ mi kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀."

Òótọ́ sì ni. Ara bẹ̀rẹ̀ sí í tu àwọn ènìyàn, ẹnìkan tilẹ̀ rẹ́rìn-ín. Alájì náà mi orí, ó gbé ìgò náà sókè, ó wo ìwé ara rẹ̀.

"Ọtí olówó ńlá rè é. Níbo lẹ ti rí i?" Ayọ̀dé ló kọjú sí.

Ì bá ní àǹtí òun ló rà á. Victorine ti ń la ẹnu láti sọ bẹ́ẹ̀.

"Ọ̀gá mi ló fún mi, sà," ni Ayọ̀dé wí. Ó dọ̀bálẹ̀. "Èmi ni mo máa ń tọ́ wisikí wò fún àwọn oníbàárà. Ó yẹ kí n ti sọ fún yín tipẹ́. Ẹ̀rù ló bà mí."

"O ń mu ọtí?"

"Mo máa ń fi sẹ́nu, mo sì máa ń tu ú dànù."

Alájì kò pariwo. Ó gbé ìgò náà kalẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Ó dáa. Sọ níwájú àwọn àgbà wọ̀nyí pé o ti fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, ká máa bá ọ̀rọ̀ wa lọ."

Ayọ̀dé wo ọ̀nà kọ́tìnì. Gbólóhùn kan péré ni wọ́n ń retí lẹ́nu rẹ̀.

"Tí mo bá sọ ọ́ báyìí, torí kí ẹ lè fún mi ní Tàwà ni. Mi ò tíì rí ibi tó ti burú, sà. Mi ò fẹ́ parọ́ fún yín lẹ́ẹ̀kejì."

"Ẹ di ẹrù yín," ni Alájì wí.

Tàwà sáré bá a ní títì, gèlè rẹ̀ ti tú. "Mo ní kó o sọ òótọ́, Ayọ̀dé, mi ò ní kó o sọ gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ kan! Kí ló ná ọ láti sọ pé o ti gbọ́? Ṣé ọtí tó ò ń tu dànù ló wá jù mí lọ?"

"Kò sóhun tó jù ọ́ lọ."

"Máa lọ," ni ọmọbìnrin náà wí, ó ń sunkún. "Máa lọ, jọ̀ọ́."

Gíláàsì kò fọ́ mọ́. Ayọ̀dé ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n kì í lè jẹun dáadáa. Àwọn tó bá rí Tàwà nínú ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀ á rò pé àìsàn ló ń ṣe é.

Ní Sátidé kan, ọkùnrin kan ti ilé ìpọntí náà gan-an wá láti Skọ́tlándì. Ó mú ìgò kan dání tó ti lo ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n nínú àgbá. Ọ̀gá Ayọ̀dé ti sọ fún un pé bó bá ṣe dáadáa lọ́jọ́ náà, wọ́n á mú un lọ sọ́hùn-ún láti kọ́ iṣẹ́ náà débi gíga. Àwọn òyìnbó jókòó yí tábìlì ká, gbogbo ojú wà lára rẹ̀.

Ó gbóòórùn rẹ̀, ó fi sẹ́nu. Èéfín náà ti rọ̀, oyin wà níbẹ̀, iyọ̀ òkun wà níbẹ̀, ooru kan sì rọra tàn dé àyà rẹ̀ níbi tí ìbànújẹ́ ti ń dùn ún láti ọjọ́ yìí wá. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, kò wù ú láti tu ú. Ọ̀fun rẹ̀ ti ń là. Ta ni yóò mọ̀? Ó gbé e sẹ́nu títí àwọn ènìyàn fi bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara wọn. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, tó tu ú sínú garawa.

Ó ṣàlàyé ọtí náà dáadáa, ará Skọ́tlándì náà dìde bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Nígbà tí ọ̀gá rẹ̀ kéde ìrìnàjò ọ̀hún, Ayọ̀dé dúpẹ́, ó ní òun kò ní lọ, òun kò sì ní ṣiṣẹ́ níbẹ̀ mọ́.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ló gba Lalala lọ. Alájì ń to àwo tánganran, Tàwà ń fi bébà wé ife fún oníbàárà kan. Kò wojú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbàgbé láti máa wé ife náà.

Ayọ̀dé sọ gbogbo rẹ̀ fún Alájì, títí kan bí ọ̀fun rẹ̀ ṣe là tó fẹ́ gbé ọtí náà mì.

"Ta ló rí ọ?" ni Alájì bi í.

"Kò sẹ́nikẹ́ni, sà."

"Kí ló wá dé tó o fi ń sọ fún mi?"

"Torí mo ní mi ò tíì rí ibi tó ti burú. Mo ti rí i. Mo ti rí iṣẹ́ sí ilé búrẹ́dì kan ládùúgbò PK8. Bí ẹ ò bá tilẹ̀ fún mi ní Tàwà, mi ò ní padà sídìí ọtí mọ́."

Alájì to àwo kan, ó tún to òmíràn. "Ìdájí ni àwọn oníṣẹ́ búrẹ́dì ń jí."

"Mo mọ̀, sà."

"Tàwà kì í tètè jí o. Má ní mi ò sọ fún ọ."

"Papa!" ni Tàwà ké, ife bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì fọ́. Kò sẹ́ni tó wò ó.

Lọ́jọ́ tí wọ́n so yìgì, Alájì fúnra rẹ̀ ló lọ bá ọmọ rẹ̀ nínú yàrá láti bi í bóyá ó fẹ́ Ayọ̀dé. Lọ́dọ̀ tiwọn, bí ìyàwó bá dákẹ́, ó ti gbà nìyẹn, ìtìjú ni kì í jẹ́ kó sọ̀rọ̀. Àwọn obìnrin tó yí Tàwà ká ti ń rẹ́rìn-ín músẹ́, Alájì sì ti ń yíjú padà láti lọ jíṣẹ́ fún lèmọ́mù.

"Ẹ dúró, Papa," ni Tàwà wí, ohùn rẹ̀ sì dé pálọ̀ níbi tí Ayọ̀dé jókòó sí. "Ọkùnrin yẹn ì bá dákẹ́ kó gbé mi lọ, ṣùgbọ́n kò dákẹ́. Èmi náà ò ní dákẹ́. Mo fẹ́ ẹ."