Bọ́tìnnì Orí Orúnkún

Ìyá Sóhórà ló kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ yìí fún mi, nígbà tí a jọ ń kọ́ ìwé kíkà ní mọ́sáláṣí àdúgbò wa ní ìlú Sefurú, tí irun wa ti funfun kí a tó mọ bí a ṣe ń kọ orúkọ wa. Túríà, ọmọ ọmọ rẹ̀, ló ṣẹlẹ̀ sí.

Ní ọdún náà, Túríà àti Batúlù ọ̀rẹ́ rẹ̀, tí ilé wọn fara kan ara wọn, ń múra sílẹ̀ fún ìdánwò àṣejáde. Orí òrùlé ilé Túríà ni wọ́n ti máa ń kàwé. Ọ̀sán ibẹ̀ máa ń dà bí ojú oorun. Ìró odò á rọra gòkè wá láti ìsàlẹ̀ ìlú, àwọn ẹyẹ àkọ̀ á sì máa gbá ẹnu wọn pọ̀ lórí ògiri àtijọ́.

Túríà tún máa ń fi òwú ṣẹ́dà hun bọ́tìnnì jalabíà fún ìyá rẹ̀. Nítorí náà, á jókòó sórí ẹní, á ṣí ìwé sílẹ̀ láàárín ẹsẹ̀ méjèèjì, á gbé bọ́tìnnì lé orúnkún, á sì tẹ orí ba títí àgbọ̀n rẹ̀ á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àyà. Bó ṣe máa wà nìyẹn láti ìgbà tí wọ́n bá ti jẹun ọ̀sán tán títí di ìrun Alásàrì, àfi tí Batúlù bá fà á lápá pé, "Dìde, wá wo àkọ̀. Ọmọ wọn fẹ́ fò."

Lọ́jọ́ kan, Batúlù tẹjú mọ́ ọn.

"Ìwọ ọmọ yìí, ọwọ́ ń hun, ojú ń kàwé. Mi ò rí irú ẹ rí."

"Ìlara ló ń pa ẹ́," ni Túríà dá a lóhùn. Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Batúlù kò rántí fi "kí Ọlọ́run bù kún un" kún ọ̀rọ̀ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni kì í yin ọmọlàkejì lọ́dọ̀ wa láìfi í kún un, kí ojú ẹni tó yìn ín má baà ṣe é ní jàǹbá.

Kò pẹ́ sígbà náà ni orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ Túríà. Ìrora náà á gbéra láti ẹ̀yìn ọrùn, á rọra gun ìpàkọ́ bí èèrà, á sì lọ ba sẹ́yìn ojú. Lẹ́tà inú ìwé á máa lúwẹ̀ẹ́ lójú rẹ̀ bí ẹja. Ìyá rẹ̀ gé ọsàn wẹ́wẹ́, ó fi gèlè dì í mọ́ ọn níwájú orí, ṣùgbọ́n pàbó ló já sí.

"Ta ló yìn ẹ́ láìpẹ́ yìí?" ni ìyá rẹ̀ bi í.

"Batúlù."

"Ṣé ó ní kí Ọlọ́run bù kún un?"

"Rárá, Màámi."

Ìyá rẹ̀ ju alọ́ọ̀mù, òkúta funfun tí a fi ń wá ẹni tí ojú rẹ̀ ṣe èèyàn, sórí ẹyin iná. Ó wú, ó là, ó sì di nǹkan rúdurùdu. "Wò ó dáadáa. Ṣé o ò rí irun dídì kan ṣoṣo níbẹ̀ yẹn?" Túríà wò ó títí, òun náà sì rí i, bí èèyàn ṣe ń rí ẹṣin nínú ìkùukùu. Nínú gbogbo kíláàsì wọn, Batúlù nìkan ló máa ń di irun rẹ̀ ní ẹyọ kan.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, àwọn ọmọbìnrin àdúgbò pé sí ilé ààrò tí a ti ń yan búrẹ́dì, pẹ̀lú pátákó ìyẹ̀fun pípò lórí. Batúlù rẹ́rìn-ín sí i.

"Túríà, orí ẹ ńkọ́? Ṣé ó ti fúyẹ́?"

Túríà fa aṣọ bo ìyẹ̀fun rẹ̀. "Má wo búrẹ́dì mi. Ojú ẹ ló ń fọ́ mi lórí."

Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Láti ọjọ́ náà, bí Batúlù bá ń kọjá ní ilé ìwé, àwọn ọmọbìnrin á fi ọwọ́ bo ìwé wọn. Òun nìkan ló wá ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì rẹ̀. Kò gun òrùlé Túríà mọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ̀fọ́rí náà kò lọ. Ó tún burú sí i, nítorí kò sí ẹni tí yóò fa Túríà lápá pé kó dìde wá wo àkọ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, bó ti tẹ orí ba bẹ́ẹ̀, ó rí òjìji arúgbó kan lára ògiri funfun, tí ọrùn rẹ̀ yọ síwájú, tí ẹ̀yìn rẹ̀ sì tẹ̀ bí dòjé. "Ìyá àgbà, ẹ jókòó," ló wí láìwẹ̀yìn. Kò sí ẹni tó dáhùn. Túríà gbé ọwọ́ sókè. Arúgbó náà gbé ọwọ́ tirẹ̀ sókè.

Nígbà tí ó sọ ọ́ fún Ìyá Sóhórà, ìyá àgbà rẹ̀, ìyẹn mú un lọ sí ilé ìwòsàn. Obìnrin dókítà tẹ ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀, omi sì lé ròrò sójú Túríà.

"Jókòó bí o ṣe máa ń jókòó kàwé, kí n rí ẹ."

Túríà jókòó sílẹ̀, ó sì tẹ orí ba sórí orúnkún bí ìgbà tó bá ń hun bọ́tìnnì.

"Bí o bá gbé garawa omi mọ́ra, o lè rìn jìnnà. Bí o bá na apá tí o fi gbé e síwájú ńkọ́? Á já ẹ lápá. Orí ẹ ni garawa yẹn. Ọrùn ẹ ló ń gbé e bẹ́ẹ̀ láti ọ̀sán títí di ìrọ̀lẹ́. Bó bá ti rẹ ọrùn, orí ló máa ń gbọ́."

"Ṣé kì í ṣe ojú ẹnikẹ́ni, Dókítà?"

"Orúnkún ẹ ni."

Dókítà ní kó fi ẹ̀yìn ti ògiri, kó gbé ìwé sókè bá ojú, kó má hun bọ́tìnnì tó bá ń kàwé, kó sì máa dìde nà lóòrèkóòrè. Túríà ṣe bẹ́ẹ̀. Ìrora náà kò lọ lọ́jọ́ kan, ó ń tú díẹ̀díẹ̀ bí ìgbà tí a bá ń tú kókó òwú ṣẹ́dà. Nígbà tí ìdánwò dé, lẹ́tà kò lúwẹ̀ẹ́ mọ́.

Ọjọ́ tí wọ́n ṣe ìdánwò tán, ó lọ sí ilé Batúlù. Ó bá a níbi tó ti ń di ẹrù. Batúlù fẹ́ lọ máa gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ní ìlú Mẹkinẹ́sì.

"Batúlù, mo wá bẹ̀ ẹ́. Irọ́ ni mo pa mọ́ ẹ."

"Mo ti gbọ́. Mo ti dárí jì ẹ́."

"Má lọ mọ́, jọ̀ọ́."

"Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ìwọ sọ ọ́, Túríà. Àwọn tó kù ṣì ń sọ ọ́."

Nígbà tí Ìyá Sóhórà sọ ọ̀rọ̀ yìí dé ibí, ó na ẹ̀yìn rẹ̀ ró lórí bẹ́ǹṣì, èmi náà na tèmi. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Ẹ̀yin ọmọ mi, bí orí bá ń fọ́ yín, tí ọrùn ń dùn yín, ẹ kọ́kọ́ wo bí ẹ ṣe ń jókòó, ẹ wo bí ẹ ṣe ń tẹ orí ba sórí ìwé àti fóònù. Bí kò bá lọ, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ má wá a sí ojú ọ̀rẹ́ yín. Ọrùn tó tẹ̀ ṣe é tún nà. Orúkọ rere tí a bà jẹ́ kì í tètè tún ṣe.

Túríà sìn Batúlù dé orí afárá níbi tí takisí wà. Àwọn àkọ̀ ń gbá ẹnu wọn pọ̀ lókè. Ó dúró, ọrùn rẹ̀ nà ró, kò dùn ún rárá, ó sì lè wo ọ̀nà jìnnà bó ṣe wù ú. Batúlù gbé báàgì rẹ̀ sí èjìká, ó wọ ọkọ̀, kò sì wẹ̀yìn.