Ìràwọ̀ Pupa Tó Wọ̀ Lójú Fàúsátù

Ọdún FESTAC ni Jàfárù ọmọ Ìbàdàn wá wọn ilẹ̀ bàbá Fàúsátù ní Ìgándò. Lásìkò owó epo yẹn, ilẹ̀ ti di góòlù. Nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú lọ́jọ́ kan, Fàúsátù gbé omi lọ fún un, ó bá a tó tẹjú mọ́ awò orí igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ó ń wo òkè.

"Ẹ̀gbọ́n, ilẹ̀ ni wọ́n ní kí ẹ wọ̀n, ẹ wá ń wọn ọ̀run!"

Jàfárù rẹ́rìn-ín. "Ìràwọ̀ la fi ń mọ ibi tí ilẹ̀ yín kọjú sí. Wá wò."

Fàúsátù wò. Ìràwọ̀ kan pọ́n bí ẹyinná.

"Ó tóbi ju oòrùn lọ fíìfíì," ni Jàfárù wí. "Ó ti dàgbà, ó ti wú, kò gbóná tó oòrùn, ló ṣe pọ́n. Adábárání làwọn Lárúbáwá ń pè é, ẹni tó ń tẹ̀ lé. Ìdì ìràwọ̀ kéékèèké iwájú yẹn ló ń tẹ̀ lé kiri."

"Ó bá wọn rí?"

"Rárá o. Kò sì fi wọ́n sílẹ̀ rí."

Èmi tó ń sọ ìtàn yìí ò mọ bí ìràwọ̀ kan ṣe lè gba odindi ọ̀sẹ̀ kí wọ́n tó wò ó tán, ṣùgbọ́n ìfẹ́ ti wọ̀ wọ́n lára.

Láìpẹ́, iṣẹ́ gbé Jàfárù lọ sí àbàtà ìhà Wárí, níbi tí lẹ́tà kì í tètè dé.

Ẹyọ lẹ́tà rẹ̀ kan ló dé: "Olólùfẹ́ mi, tó o bá kírun Màgàríbì tán, máa wo ìràwọ̀ wa. Èmi náà á máa wò ó. Màá kó ẹbí mi wá kí ààwẹ̀ tó tán."

Fàúsátù ń wò ó. Ṣùgbọ́n bí ọ̀sẹ̀ ṣe ń gorí ọ̀sẹ̀, ìràwọ̀ ń lọ sísàlẹ̀ níwọ̀-oòrùn. Nígbà tí òjò wọlé, kò rí i mọ́ rárá. Àyà rẹ̀ já. Ṣé Jàfárù kú ni, àbí ó ti gbàgbé òun?

Ààwẹ̀ dé, Jàfárù ò dé. Bàbá pe Fàúsátù.

"Mọ́ṣúdù tó ń ta sìmẹ́ńtì ń bèèrè ẹ láti fi ṣaya. Tó o bá jẹ sàárì tán lọ́la, fún mi lésì."

Fàúsátù ti pinnu láti gbà. Kílẹ̀ tó mọ́ lọ́jọ́ kejì, ó jáde lọ bu omi sàárì nínú àmù ẹ̀yìnkùlé, ó gbójú sókè. Pupa! Ìràwọ̀ náà ló wà ní ìlà-oòrùn yẹn, ó ṣì ń tẹ̀ lé àwọn kéékèèké rẹ̀. Ó sáré wọlé tọ Bàbá lọ.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní sùúrù fún mi. Jàfárù ń bọ̀."

"Ta ló sọ fún ẹ?"

Báwo ló ṣe fẹ́ sọ pé ìràwọ̀ ni?

"Ó dọjọ́ Ìtúnu," ni Bàbá wí. "Tí ò bá dé, ti Mọ́ṣúdù ni ẹ́ o."

Lọ́jọ́ Ìtúnu, wọ́n ti kírun Yídì dé, Mọ́ṣúdù gan-an ti jókòó sí pálọ̀, kí Fàúsátù tó gbọ́ "Ẹ kú ilé o!" Jàfárù ni, pẹ̀lú bàbá rẹ̀ àti àwọn àgbà Ìbàdàn, tí òjò dá dúró sọ́nà láti àná.

Bàbá mí kanlẹ̀. "Mọ́ṣúdù, má bínú. Ìtúnu ni mo dá, Ìtúnu náà rèé."

Fàúsátù fa Jàfárù sí kọ̀rọ̀, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. "Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi pé ìràwọ̀ wa máa ń lọ?"

Jàfárù la ẹnu sílẹ̀. "Ẹ̀yìn oòrùn ló máa ń gbà kọjá lọ́dọọdún, á wá yọ lówùúrọ̀. Mo rò pé gbogbo ayé ló mọ̀."

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wọn ọ̀run lẹ mọ̀!" Ó nu ojú nù. "Láti òní lọ, ohunkóhun tó bá máa lọ, kódà kó máa padà, ẹ kọ́kọ́ sọ fún mi."

"Mo gbọ́, ìyàwó mi."